Ibo ni a ti lè rí kẹ̀kẹ́ arọ àti ohun èlò ìrànwọ́ gbà lọ́fẹ̀ẹ́ ní Ìjẹ̀bú àti Rẹ́mọ?

Àbíkẹ́yìn, Ìjẹ̀bú-Igbó:

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o, ẹ̀yin ará ilé. Ní oṣù méje sẹ́yìn ni àrùn rọpárọsẹ̀ kọ lu ìyá mi, ẹni ọdún 71. Apá àti ẹsẹ̀ òsì wọn kò ṣiṣẹ́ mọ́, ṣùgbọ́n iyè wọn pé, ọ̀rọ̀ sì já gaara lẹ́nu wọn. Láti ọjọ́ tí a ti gbé wọn kúrò ní ilé ìwòsàn ni wọ́n ti wà lórí ibùsùn nínú yàrá. Èmi àti ọmọ ẹ̀gbọ́n mi la jọ ń gbé wọn lọ sí balùwẹ̀ láàárọ̀ àti lálẹ́, ẹ̀yìn sì ti ń ro mí débi pé n kò lè bẹ̀rẹ̀ gbálẹ̀ dáadáa mọ́. Ohun tó ń dùn mí jù lọ ni pé obìnrin tó jókòó ti gààrí lọ́jà fún ọgbọ̀n ọdún ó lé kò tíì fojú kan títì láti ìgbà náà. Bí ẹnikẹ́ni bá kí wa láti ìta, wọn á bi mí pé, "Ta nìyẹn? Ibo ló ń lọ?" nítorí pé ohùn àwọn ènìyàn nìkan ló kù tí wọ́n ń gbọ́.

Mo béèrè iye tí wọ́n ń ta kẹ̀kẹ́ arọ, lẹ́yìn owó oògùn, apá wa kò ká a. Wọ́n sọ fún mi pé àwọn kan máa ń fúnni lọ́fẹ̀ẹ́. Mo lọ sí ọ́fíìsì kan, wọ́n kọ orúkọ wa sínú ìwé, oṣù mẹ́ta rèé, n kò gbọ́ nǹkan kan. Ẹ jọ̀wọ́, ẹni tó bá ti rí irú ìrànwọ́ yìí gbà rí, báwo lẹ ṣe ṣe é? Ọ̀dọ̀ ta ni mo fẹ́ lọ, kí sì ni mo fẹ́ mú dání?


Nọ́ọ̀sì Àgbà, Ṣàgámù:

Ẹ kú ìtọ́jú màmá o, Àbíkẹ́yìn. Ọdún 32 ni mo fi ṣiṣẹ́ nọ́ọ̀sì kí n tó fẹ̀yìn tì, wọ́ọ̀dù tí a ti ń tọ́jú irú àìsàn màmá yìí ni mo sì ti lo èyí tó pọ̀ jù nínú rẹ̀. Ibi tí ọ̀pọ̀ ẹbí ti ń ṣi ẹsẹ̀ gbé ni pé ọ̀dọ̀ àwọn tó ń fúnni ní nǹkan ni wọ́n ti máa ń bẹ̀rẹ̀, nígbà tó jẹ́ pé ọ̀dọ̀ àwọn tó lè sọ ohun tí aláìsàn nílò ló yẹ kí wọ́n kọ́kọ́ dé. Ẹ padà sí ilé ìwòsàn. Ẹ ní ẹ fẹ́ rí àwọn tó ń ṣe fisió, ìyẹn àwọn tó ń kọ́ aláìsàn bí ara rẹ̀ yóò ṣe máa ṣiṣẹ́ padà, kí wọ́n yẹ màmá wò, kí wọ́n wọn ara wọn, kí wọ́n sì kọ lẹ́tà tó dárúkọ irú kẹ̀kẹ́ tó bá wọn mu. Bí ọ̀nà Ìjẹ̀bú-Òde bá yá yín, ilé ìwòsàn ìjọba tó wà níbẹ̀ ni kí ẹ lọ. Bí ó bá jẹ́ Ṣàgámù, ẹ lọ sí ilé ìwòsàn ẹ̀kọ́ṣẹ́ ti Yunifásítì Ọlábísí Ọnàbánjọ, èyí tí gbogbo wa mọ̀ sí OOUTH.

Bí lẹ́tà bá ti tẹ̀ yín lọ́wọ́, ẹ má tíì kúrò nínú ọgbà. Ẹ béèrè ọ́fíìsì àwọn sóṣà wẹ́fíà ilé ìwòsàn. Iṣẹ́ tiwọn ni láti wádìí bí nǹkan ṣe rí fún ẹbí aláìsàn, àwọn ni àwọn ẹgbẹ́ aláàánú sì máa ń kọ́kọ́ wá bá nígbà tí wọ́n bá fẹ́ fúnni ní nǹkan, nítorí pé wọn kì í fẹ́ kí ẹ̀bùn wọn ṣìnà. Ẹni tí orúkọ rẹ̀ wà níbẹ̀ pẹ̀lú lẹ́tà fisió yàtọ̀ pátápátá sí ẹni tí orúkọ rẹ̀ wà nínú ìwé lásán.

Kì í ṣe èmi ni mo dá ètò yìí sílẹ̀. Ní ọdún 2008, Àjọ Ìlera Àgbáyé tẹ ìlànà kan jáde fún àwọn ibi tí owó kò pọ̀ sí, lórí bí ó ṣe yẹ kí a máa fún ènìyàn ní kẹ̀kẹ́ arọ. Ìgbésẹ̀ mẹ́jọ ni wọ́n là sílẹ̀: kí ẹnì kan júwe ẹni tó nílò rẹ̀, kí a yẹ̀ ẹ́ wò, kí a yan irú kẹ̀kẹ́ tó yẹ ẹ́, kí a wá owó kí a sì béèrè fún un, kí a to kẹ̀kẹ́ náà, kí a gbé onítọ̀hún jókòó sínú rẹ̀ láti mọ̀ bóyá ó bá a mu, kí a kọ́ òun àti àwọn ará ilé rẹ̀ bí wọn ó ṣe lò ó, kí a sì máa padà wá wò ó. Ohun tí mo rí ní gbogbo ọdún tí mo lò lẹ́nu iṣẹ́ ni pé ìgbésẹ̀ kẹrin ni gbogbo wa máa ń sáré bá.

Lẹ́yìn ilé ìwòsàn, ìjọba ìbílẹ̀ ló kàn. Ìjẹ̀bú-Igbó gan-an ni olú ìjọba ìbílẹ̀ Àríwá Ìjẹ̀bú, nítorí náà ẹ kò ní rìn jìnnà. Ẹ béèrè ẹ̀ka tó ń bójú tó ìdàgbàsókè àwùjọ àti ìgbáyé-gbádùn. Àwọn ló máa ń fi orúkọ ránṣẹ́ sí ilé iṣẹ́ ìjọba ìpínlẹ̀ tó wà fún ọ̀ràn obìnrin àti ìdàgbàsókè àwùjọ ní Òkè-Mọ́sàn, l'Abẹ́òkúta. Ẹ mú ẹ̀dà lẹ́tà fisió dání, àti fọ́tò pélébé màmá, nọ́ńbà ìdánimọ̀ NIN wọn, àdírẹ́sì ilé tó ní àmì tí àlejò lè fi dá a mọ̀, àti nọ́ńbà fóònù méjì, nítorí pé mo ti rí i tí kẹ̀kẹ́ dé tí fóònù ẹni tó ni ín kò lọ, wọ́n sì fún ẹlòmíràn. Kí ẹ sì kọ lẹ́tà ìbéèrè tiyín ní ẹ̀dà méjì. Ẹ fún wọn ní ọ̀kan, kí wọ́n lu òǹtẹ̀ ọ́fíìsì sí èkejì, kí wọ́n kọ ọjọ́ sí i, kí ẹ sì mú un padà sílé. Ohun tó mú kí oṣù mẹ́ta kọjá láìsí èsì ni pé ẹ kò ní ìwé tí ẹ lè nà sí wọn pé, "Ọjọ́ báyìí ni mo wá."

Lẹ́yìn náà ni kí ẹ máa lọ síbẹ̀ lẹ́ẹ̀kan lóṣù, pẹ̀lú ọ̀wọ̀, láìbínú.


Akanda, Ìkẹ́nnẹ́:

Ọmọ ọdún mẹ́ta ni mo wà nígbà tí àrùn rọmọlápá-rọmọlẹ́sẹ̀ mú mi, mo sì ti di ẹni ọdún 48 báyìí. Kẹ̀kẹ́ mẹ́rin ni mo ti lò láyé mi, wọ́n sì fún mi ní mẹ́ta nínú wọn lọ́fẹ̀ẹ́, nítorí náà mo mọ rírì ohun tí Nọ́ọ̀sì Àgbà sọ nípa wíwọn ara.

Níbi ayẹyẹ ńlá kan ni wọ́n ti fún mi ní èkejì. Ẹnikẹ́ni kò wọ̀n mí. Bí mo bá jókòó sínú rẹ̀, ààyè tó ṣẹ́ kù lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìdí mi lọ́tùn-ún àti lósì tó ìka mẹ́rin mẹ́rin, mo sì máa ń fì sí apá kan bí mo bá ti ń yí táyà. Àwọn táyà kéékèèké iwájú rẹ̀ kò ju àtẹ́lẹwọ́ mi lọ. Ilẹ̀ dídán inú ilé ìwòsàn ni wọ́n ṣe é fún, kì í ṣe àdúgbò wa. Ní ọ̀sẹ̀ kejì, lẹ́yìn tí òjò dá, táyà iwájú rì sínú iyẹ̀pẹ̀ pupa lẹ́nu ọ̀nà wa, kẹ̀kẹ́ dúró gbagidi, èmi sì ré lọ sí iwájú. Ibẹ̀ ni eyín mi kan ti ṣẹ́. Kò ní tìmùtìmù pẹ̀lú, awọ lílẹ̀ lásán ni ìjókòó rẹ̀. Egbò jáde sí ìdí mi níbi tí eegun ti kan ìjókòó, n kò sì tètè mọ̀. Oṣù márùn-ún ni mo fi dojú bolẹ̀ kí ó tó jinná. Nítorí náà, bí ẹnikẹ́ni bá sọ fún yín pé ọ̀fẹ́ kò ní àbùkù, ẹ má gbà á gbọ́. Ẹ̀bùn tí kò bá ara mu lè dá ènìyàn padà sórí ibùsùn.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí ẹ ó wò, kí ẹ lè bá wọn sọ̀rọ̀ lójú ibi tí wọ́n ti ń pín in. Ìjókòó kò gbọdọ̀ fẹ̀ ju ìdí màmá lọ débi tí wọn ó fi máa fì. Láti ẹ̀yìn ìjókòó dé iwájú rẹ̀, kí ó kúrú ju itan wọn lọ díẹ̀, kí ààyè bí ìka méjì sí mẹ́ta wà láàárín etí ìjókòó àti kòtò ẹ̀yìn orúnkún, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ yóò máa gé wọn lẹ́sẹ̀. Bíréèkì méjèèjì gbọ́dọ̀ di táyà mú pinpin. Kí táyà ńlá ẹ̀yìn jẹ́ irú èyí tí àwọn onítáyà kẹ̀kẹ́ ní lọ́jà, kí táyà iwájú sì tóbi, kí ó fẹ̀. Tìmùtìmù kì í ṣe ohun ọ̀ṣọ́, ara kẹ̀kẹ́ ni.

Ohun kan wà tí ó kan màmá gan-an, èyí tí ọ̀pọ̀ àwọn tó ń fúnni kò mọ̀. Ẹni tí ọwọ́ ọ̀tún àti ẹsẹ̀ ọ̀tún rẹ̀ ṣì ń ṣiṣẹ́ lè wa ara rẹ̀, bí ìjókòó kẹ̀kẹ́ náà bá rẹlẹ̀ tó tí àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀ kan ilẹ̀ dáadáa. Ọwọ́ yóò máa yí táyà, ẹsẹ̀ yóò máa wọ́ ilẹ̀ lọ, yóò sì máa darí ara rẹ̀. Ẹ yọ ibi ìgbẹ́sẹ̀lé ọ̀tún kúrò, kí ẹ fi ti òsì sílẹ̀ fún ẹsẹ̀ tó rọ. Ẹ sọ fún àwọn fisió pé ìjókòó tó rẹlẹ̀ ni ẹ fẹ́, kí wọ́n kọ ọ́ sínú lẹ́tà.

Èyí tí mo ń lò nísinsìnyí jẹ́ ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta tí à ń fi ọwọ́ yí. Ọ̀kan lára àwọn tó ń ṣe irú rẹ̀ fún ọ̀fẹ́ ni Beautiful Gate, ní Jos, tí Ayuba Gufwan dá sílẹ̀, ẹni tí àrùn tó mú mi yìí mú òun náà ní kékeré. Kẹ̀kẹ́ náà lágbára lójú títì, ó ń gun òkè, mo fi ń lọ sọ́jà. Ṣùgbọ́n apá méjì tó le ló ń béèrè, kì í sì wọ yàrá, nítorí náà kò ní wúlò fún màmá. Ẹni tó bá jẹ́ pé ẹsẹ̀ nìkan ni kò ṣiṣẹ́ ni kí ó béèrè fún un.

Ẹ wá ẹgbẹ́ wa rí pẹ̀lú. JONAPWD ló kó gbogbo ẹgbẹ́ akanda ẹ̀dá ní Nàìjíríà pọ̀, ó sì ní ẹ̀ka ní ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan. Kì í ṣe pé kẹ̀kẹ́ kún ilé wa, ṣùgbọ́n ìròyìn máa ń tètè dé etí wa. Ẹ má sì jẹ́ kí wọ́n fi màmá sórí ìlà fún wákàtí mẹ́ta níbikíbi. Òfin tó ka ìyàsọ́tọ̀ àwọn aláàbọ̀ ara léèwọ̀, èyí tí Ààrẹ Buhari buwọ́ lù ní oṣù kìíní ọdún 2019, sọ pé àwa ni kí wọ́n kọ́kọ́ dá lóhùn níbi tí ìlà bá wà. Ẹ sọ ọ́ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, ẹ ó rí i pé ọ̀pọ̀ òṣìṣẹ́ kò tíì gbọ́ ọ rí.


Alátùn-únṣe Kẹ̀kẹ́, Ìjẹ̀bú-Òde:

Mo fara mọ́ gbogbo ohun tí Akanda sọ, síbẹ̀ mo ní ọ̀rọ̀ kan tó lè dà bí àtakò. Màmá ti wà lórí ibùsùn fún oṣù méje. Bí wọn yóò bá dúró de kẹ̀kẹ́ tuntun tó bá wọn mu régí, ó lè pé ọdún. Mo ń tún kẹ̀kẹ́ ológeere ṣe, mo sì tún ń jó irin, àwọn ènìyàn máa ń gbé kẹ̀kẹ́ arọ wá sọ́dọ̀ mi. Láàárín ìgboro Ìjẹ̀bú-Òde níbí, mo lè ka ilé mẹ́fà tí kẹ̀kẹ́ arọ wà lábẹ́ àtẹ̀gùn tàbí nínú yàrá ẹrù, láti ìgbà tí bàbá tàbí ìyá tó ń lò ó ti dolóògbé. Àwọn ọmọ kò fẹ́ tà á, ojú sì ń tì wọ́n láti fi fúnni, nítorí wọ́n rò pé àwọn ènìyàn yóò máa bẹ̀rù ohun òkú. Ẹni tó bá fi sùúrù béèrè yóò rí i gbà.

Irú kẹ̀kẹ́ bẹ́ẹ̀ kì í bàjẹ́ tán. Túùbù ti jẹrà, bẹ́rìn ti dì, ìpata ti mú ibi tí bóòtù bíréèkì wọ̀ sí, aṣọ ìjókòó ti rọ̀ bí àpò. Gbogbo rẹ̀ ló ṣeé tún ṣe. Mo máa ń tú bẹ́rìn rẹ̀, n óò fi epo kẹrosíìnì fọ̀ ọ́, n óò fi gíríìsì tuntun sí i. Bí ìjókòó bá fẹ̀ jù, mo lè gé irin tó sọdá lábẹ́ kí n sì tún un jó. Bí ó bá ga jù, mo lè fi táyà tó kéré sí i rọ́pò ti ẹ̀yìn, bí ó bá jẹ́ pé fúrémù rẹ̀ gbà bẹ́ẹ̀. Kì í ṣe gbogbo irin ló ṣeé jó o; àwọn kan jẹ́ alumíníọ̀mù, ẹni tí kò ní ẹ̀rọ rẹ̀ kò gbọdọ̀ fọwọ́ kàn án.

Ní ti balùwẹ̀ tí ẹ sọ, ẹ má dúró de ẹnikẹ́ni. Ẹ ra àga ike aláápá tó nípọn, kí ẹ gbé e wá fún ẹni tó mọ ayùn lò, kí ó gé ihò sí àárín ìjókòó rẹ̀, kí ó fi iná tẹ́ etí rẹ̀ kí ó má baà gé awọ. Ẹ gbé e lé orí ike ìgbọ̀nsẹ̀, tàbí kí ẹ fi wẹ̀ wọ́n. Àga ike ni Don Schoendorfer, ẹnjiníà ará Amẹ́ríkà tó dá Free Wheelchair Mission sílẹ̀ ní 2001, kọ́kọ́ fi táyà sí kí ó tó máa fi ránṣẹ́ káàkiri ayé. Ohun tó wà nítòsí ló lò.


Akanda, Ìkẹ́nnẹ́:

Mo gbà, Alátùn-únṣe, pẹ̀lú ohun méjì. Àkọ́kọ́, kí wọ́n wọn màmá kí ẹ tó gé irin kankan, kí àwọn fisió sì rí wọn nínú rẹ̀ lẹ́yìn àtúnṣe. Èkejì, tìmùtìmù tuntun ni kí wọ́n lò, kì í ṣe ti olóògbé. Àbíkẹ́yìn, ẹ máa bá wọn yẹ ìdí wò lálaalẹ́. Bí ẹ bá rí ibi tó pọ́n, tàbí tó dúdú ju ara yòókù lọ, tí kò sì padà bọ̀ sípò lẹ́yìn tí wọ́n ti kúrò lórí ìjókòó, ẹ má gbé wọn jókòó lórí ibẹ̀ mọ́ títí yóò fi lọ. Ní gbogbo ààbọ̀ wákàtí, kí wọ́n tẹ̀ síwájú tàbí kí wọ́n fì sí ẹ̀gbẹ́ díẹ̀, kí ẹ̀jẹ̀ lè rìn.


Ìyá Ọmọ, Ìpẹ̀rù:

Ọmọ tèmi ni mo fẹ́ sọ̀rọ̀ lórí rẹ̀, fún àwọn òbí tó bá ń ka èyí. Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ni, kò ké nígbà tí mo bí i, láti ìgbà náà ni ọrùn àti ẹ̀yìn rẹ̀ kò ti dúró. Kẹ̀kẹ́ àgbàlagbà ni ẹgbẹ́ kan fún wa ní ìgbà àkọ́kọ́. Mo fi ìrọ̀rí mẹ́rin dì í mọ́nú rẹ̀, orí rẹ̀ ṣì ń ṣubú síwájú, bẹ́ẹ̀ ni oúnjẹ ń gbé e lọ́nà ọ̀fun. Fisió tó rí i ló sọ fún mi pé ọmọ tó rí báyìí gbọ́dọ̀ ní ohun tó gbé orí dúró, ìgbànú àyà, àti ìjókòó tó tẹ̀ sẹ́yìn díẹ̀, àti pé ọmọ ń dàgbà, nítorí náà kí n má rò pé ìgbà kan ṣoṣo ni n óò béèrè. Nígbà tí ẹ bá ń kọ lẹ́tà fún ọmọdé, ẹ kọ ọjọ́ orí, gíga, àti ìwọ̀n rẹ̀ sí i, kí ẹ sì sọ pé ẹ fẹ́ èyí tó ṣeé fẹ̀ sí i bí ó bá ń dàgbà. Kí ọwọ́ wa tó tẹ ti ọmọdé, káfíńtà àdúgbò ló bá mi kan àga pákó onígun tí ẹ̀yìn rẹ̀ dì í mú lẹ́gbẹ̀ẹ́ méjèèjì. Inú rẹ̀ ló ti ń jẹun títí di òní.

Ọ̀rọ̀ mi kejì jẹ́ ìkìlọ̀. Ẹnì kan pè mí lórí fóònù, ó ní orúkọ ọmọ mi ti jáde fún kẹ̀kẹ́ láti òkè òkun, kí n san owó fọ́ọ̀mù àti owó àtigbé e láti èbúté. Mo yá owó náà. Ó tún pè pé kí n ka nọ́ńbà tó wọlé sórí fóònù mi fún òun. Ẹ̀gbọ́n mi ló gba fóònù lọ́wọ́ mi. Owó àkọ́kọ́ ti lọ, ṣùgbọ́n ìyókù tó wà ní báńkì kò bá a lọ. Ẹni tó ń fúnni lọ́fẹ̀ẹ́ kì í gba owó fọ́ọ̀mù, kò sì ní béèrè BVN tàbí nọ́ńbà tó wọlé sórí fóònù yín. Bí wọ́n bá ní àwọn fẹ́ ya fọ́tò, ẹ lẹ́tọ̀ọ́ láti béèrè ibi tí wọ́n fẹ́ gbé e sí. Èmi gbà kí wọ́n ya ọmọ mi pẹ̀lú aṣọ tó dára, mo sì kọ̀ kí wọ́n ya á níbi tó ti ń wọ́ nílẹ̀. Wọ́n gbọ́ sí mi lẹ́nu, wọn kò sì tìtorí rẹ̀ gba kẹ̀kẹ́ padà.


Ọmọ Àgọ́-Ìwòyè:

Ẹ jọ̀ọ́, ṣé kẹ̀kẹ́ nìkan ni irú ìrànwọ́ yìí wà fún? Etí bàbá mi ti di, ojú ẹ̀gbọ́n wọn kò sì ríran mọ́.


Nọ́ọ̀sì Àgbà, Ṣàgámù:

Rárá o. Ní 2022, Àjọ Ìlera Àgbáyé àti UNICEF kéde pé àwọn tó nílò ohun èlò ìrànwọ́ kan tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ láyé ju 2.5 bílíọ̀nù lọ, wọ́n sì ka awò ojú, ẹ̀rọ ìgbọ́ràn àti ọ̀pá mọ́ kẹ̀kẹ́. Fún bàbá, ẹ má gba ẹ̀rọ ìgbọ́ràn lọ́wọ́ ẹni tí kò yẹ etí wọn wò. Nígbà mìíràn ìdọ̀tí etí tó gbẹ ni ìdí rẹ̀, wọn yóò fọ̀ ọ́ ní ilé ìwòsàn, yóò sì tán. Bí ó bá jẹ́ ẹ̀rọ ni wọ́n nílò lóòótọ́, ẹ béèrè ẹni tí yóò máa fún yín ní bátìrì. Fún ẹ̀gbọ́n wọn, kí dókítà ojú kọ́kọ́ sọ bóyá iṣẹ́ abẹ lè ṣí ojú náà, nítorí ojú tí ẹbọ́ọ́ (kátárákítì) bò ṣì lè ríran padà, àwọn ẹgbẹ́ Lions sì fẹ́ràn láti máa ṣèrànwọ́ lórí ojú. Bí kò bá ṣeé ṣe, Ẹgbẹ́ Àwọn Afọ́jú ní Nàìjíríà ni kí ẹ wá rí, kì í ṣe fún ọ̀pá funfun nìkan, bí kò ṣe fún ẹni tí yóò kọ́ wọn bí wọ́n ṣe ń fi rìn. Ní ti ẹni tí wọ́n gé lẹ́sẹ̀, ilé ìwòsàn ìjọba àpapọ̀ fún eegun ní Ìgbóbì, l'Ékòó, ní ibi tí wọ́n ti ń ṣe ẹsẹ̀ àtọwọ́dá. Ẹgbẹ́ lè bá yín san owó rẹ̀, ṣùgbọ́n ara ẹni gan-an ni wọ́n gbọ́dọ̀ fi wọ̀n ọ́n.


Akọ̀wé Ẹgbẹ́, Odògbolú:

Èmi wà ní ìhà kejì, ọ̀kan lára àwọn tó ń fúnni ni mí, mo sì fẹ́ kí ẹ mọ bí nǹkan ṣe ń lọ níbẹ̀. Ọjọ́ tí lẹ́tà dé ṣe pàtàkì bí ohun tó wà nínú rẹ̀. Àwọn ẹgbẹ́ Rotary àti Lions máa ń bẹ̀rẹ̀ ọdún tuntun wọn ní ọjọ́ kìíní oṣù keje, pẹ̀lú ààrẹ tuntun, wọ́n sì máa ń ti yan iṣẹ́ tí wọn ó ṣe kí ọjọ́ náà tó pé. Lẹ́tà tó bá dé ní oṣù kẹrin tàbí ìkarùn-ún máa ń bọ́ sí àkókò. Ìjọba ìbílẹ̀ ní tiwọn máa ń ṣètò ìnáwó ọdún tó ń bọ̀ nígbà tí ọdún bá ń parí lọ. Nínú ìjọ, àsìkò ìkórè ni ọwọ́ máa ń là; ní mọ́ṣáláṣí, ẹ lọ bá ìgbìmọ̀ tó ń pín sàká kí oṣù Ràmádáànì tó wọlé, kì í ṣe ní ọjọ́ ìtúnu.

Àwa ọmọ Ìjẹ̀bú sì ní èyí tí ó jẹ́ tiwa. Àwọn rẹ́gbẹ́rẹ́gbẹ́, ìyẹn ẹgbẹ́ àwọn tí ọjọ́ orí wọn súnmọ́ra, máa ń padà wálé fún Ojúde Ọba ní ọjọ́ kẹta Iléyá, àwọn tó wà l'Ékòó àti òkè òkun. Kí ọjọ́ náà tó pé ni wọ́n ti máa ń ṣe ìpàdé lórí aṣọ, ẹṣin àti owó dídá, inú ìpàdé yẹn ni ọ̀rọ̀ àánú ti máa ń wọlé. Ẹ wo rẹ́gbẹ́rẹ́gbẹ́ tí màmá fúnra wọn wà, tàbí ti àbúrò wọn, kí ẹ fi lẹ́tà lé akọ̀wé lọ́wọ́. Ẹnikẹ́ni nínú ẹgbẹ́ kì í fẹ́ gbọ́ pé ẹgbẹ́ òun ń wọ́ nílẹ̀.

Ohun tí Alátùn-únṣe sọ nípa kẹ̀kẹ́ àwọn olóògbé ni àwa ti ń ṣe láti ọdún mélòó kan. Ìwé àkọsílẹ̀ kan ṣoṣo ni a ní. A máa ń lọ sí ilé ẹni tó kú lẹ́yìn ogójì ọjọ́, kì í ṣe ṣáájú, a óò bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n yá àdúgbò ní kẹ̀kẹ́, ọ̀pá ìtìlẹ̀ tàbí irin ìkọ́rìn tó wà nílé. A kì í sọ pé kí wọ́n fi tọrẹ. Ọ̀rọ̀ "yá" yìí ló máa ń mú kí ọkàn wọn rọ̀, nítorí pé wọ́n lè béèrè rẹ̀ padà nígbàkigbà. Títí di òní, kò sí ẹbí tó tíì béèrè. Ẹni tó bá gbà á yóò buwọ́ lùwé, nígbà tí kò bá sì lò ó mọ́, yóò dá a padà fún ẹlòmíràn. Àbíkẹ́yìn, kẹ̀kẹ́ méjì wà nílẹ̀ lọ́wọ́lọ́wọ́. Ẹ wọn màmá, kí ẹ fi ìwọ̀n náà ránṣẹ́ sí mi níkọ̀kọ̀.


Alátùn-únṣe Kẹ̀kẹ́, Ìjẹ̀bú-Òde:

Bí ọ̀kan nínú wọn bá bá wọn mu, kí wọ́n gbé e gba ọ̀dọ̀ mi. Iṣẹ́ ọwọ́ mi kò ní gba kọ́bọ̀. Kí ẹ ra túùbù àti fóòmù nìkan. Kí ẹ sì wọn gíga àtẹ̀gùn iwájú ilé yín kí n lè sọ pákó tí ẹ ó lò: gíga lọ́nà 12 ni gígùn rẹ̀ máa ń jẹ́. Àtẹ̀gùn tó ga ní ẹsẹ̀ bàtà ààbọ̀ ń béèrè pákó ẹsẹ̀ bàtà mẹ́fà. Bí ó bá kúrú jù bẹ́ẹ̀ lọ, kẹ̀kẹ́ yóò máa já ṣòòròṣò.


Àbíkẹ́yìn, Ìjẹ̀bú-Igbó:

Ẹ̀yin ará ilé, ọ̀sẹ̀ mẹ́fà rèé tí mo ti béèrè ìbéèrè yìí, mo padà wá jíṣẹ́. A gbé màmá lọ sí ilé ìwòsàn, wọ́n wọ̀n wọ́n, mo sì gba lẹ́tà. Mo fi ẹ̀dà kan sílẹ̀ ní ọ̀dọ̀ sóṣà wẹ́fíà, èkejì ní ìjọba ìbílẹ̀, òǹtẹ̀ àti ọjọ́ wà lára tèmi. Wọn kò tíì pè, ṣùgbọ́n nígbà tí mo padà lọ ní oṣù tó tẹ̀ lé e, tí mo na ìwé yẹn sí wọn, wọ́n wá orúkọ màmá, wọ́n sì rí i.

Kẹ̀kẹ́ kejì nínú ìwé Akọ̀wé ló súnmọ́ ìwọ̀n màmá. Tíṣà kan tó ti dolóògbé ló lò ó. Alátùn-únṣe gé irin rẹ̀, ó fi táyà tó kéré sí ẹ̀yìn rẹ̀, ẹsẹ̀ ọ̀tún màmá sì ń kan ilẹ̀. Fisió fihàn wá bí a ṣe ń gbé wọn: kí kẹ̀kẹ́ wà ní apá ọ̀tún wọn, níbi tí agbára wà, kí bíréèkì di méjèèjì mú, kí a má ṣe fa apá òsì wọn rárá nítorí éjìká, kí a jẹ́ kí àwọn fúnra wọn fi ẹsẹ̀ ọ̀tún tì. Mo ti ń fi agbára gbé wọn bí àpò gààrí láti oṣù méje, n kò mọ̀ pé wọ́n lè dìde fúnra wọn díẹ̀. Àga ike oníhò wà ní balùwẹ̀. Mo ti ń bẹ̀rẹ̀ gbálẹ̀.

Nígbà tí ti ìjọba bá dé, n óò dá èyí padà sínú ìwé Akọ̀wé.

Lánàá ni a kọ́kọ́ fi pákó sọdá gọ́tà iwájú ilé. Màmá ní kí n má tì wọ́n. Wọ́n yí táyà, wọ́n wọ́ ẹsẹ̀, wọ́n dúró, wọ́n mí, wọ́n tún yí i, títí a fi dé ọ̀dọ̀ obìnrin tó ń ta gààrí ní orígun òpópónà wa. Ó dìde láti kí wọn, omi ti wà lójú rẹ̀. Màmá na ọwọ́ ọ̀tún sínú abọ́ rẹ̀, wọ́n fi ìka méjì mú gààrí díẹ̀, wọ́n jù ú sẹ́nu, wọ́n rún un fún ìgbà díẹ̀, wọ́n ní kò yangbẹ tó.